Àpò Inú Àpò

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Kọ̀ǹpútà fẹ́ẹ̀ sọ mí di wèrè lónìí. Wọ́n ti ní kí Alàájì Rájí, òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ ọṣẹ wa, lọ jókòó sílé, pé àwọn ló ń jẹ́ kí ọṣẹ wa fúyẹ́. Mánéjà wá ní kí n yọ ìwọ̀n ọṣẹ tí Alàájì ṣe jáde nínú kọ̀ǹpútà.

Èdè ìṣirò tá a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ kó ẹ̀rọ ọṣẹ kọ̀ọ̀kan sínú àpò. Inú àpò ẹ̀rọ ni àpò àwọn tó ń lò ó wà, inú ìyẹn ni ìwọ̀n ọṣẹ wà. Mo tẹ àmì àkámọ́ [ ] láti ṣí i, àpò náà ló tún gbé fún mi. Mo ní kó wá ìpíndọ́gba, ó ní àpò kì í ṣe òǹkà. Wọ́n tún mú iná lọ!

Nígbà tí iná dé, Bísí tá a jọ wà ní ọ́fíìsì yọjú wò ó. "Àǹtí, àkámọ́ méjì ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹyọ kan á gbé àpò fún yín, méjì á tú u."

Lóòótọ́ ló tú. Gbogbo ẹni tó lo ẹ̀rọ tí Alàájì ń lò ni ọṣẹ ẹ̀ fúyẹ́, kì í ṣe Alàájì nìkan.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo sáré lọ bá mánéjà. Wọn ò tilẹ̀ wo bébà náà. "A mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ti gbó. Ta ló fẹ́ ra páàtì òyìnbó láyé SAP tí náírà ti já wálẹ̀ yìí?"

"Kí lẹ wá lé Alàájì fún, sà?"

Wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn, wọ́n ní kí n má gbàgbé láti pa kọ̀ǹpútà.