Abo Ẹlẹ́dẹ̀ Funfun Ìyàwó Ilé Wa

Mo purọ́ fún ìyàwó ilé wa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹlẹ́dẹ̀ ni mo sì purọ́ lé lórí... Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Àyèká ni mò ń gbé, mo sì ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kí òmìnira tó dé. Akọ tèmi ni gbogbo àdúgbò ń mú abo wọn wá bá, tó bá bímọ wọ́n á fún mi lọ́mọ kan. Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń pè mí, inú mi sì ń dùn sí i, àfi ìgbà tí àbúrò ọkọ mi fẹ́ tíṣà kan láti Ìjẹ̀bú. Ìyàwó yìí ra abo funfun kan ní ọgbà àgíríìkì ìjọba, toyúntoyún ló mú un délé, ó bí mọ́kànlá, ọ̀kan ò kú! Tèmi bí márùn-ún, ó sùn lé méjì lórí. Ni ìyá ọkọ wa bá ń mú àlejò gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà mi kọjá lọ wo ti ìyàwó... ìyá tó jẹ́ pé pupuru ọwọ́ mi ló ń jẹ láti ọjọ́ yìí! Owú jẹ mí, mi ò ní purọ́.

Nígbà tó já àwọn ọmọ náà lẹ́nu ọmú, ìyàwó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n bá òun fi akọ mi gun abo náà, pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí abo bá ń wá akọ, á máa ké, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ló sábà máa ń yá fún gígùn, ọwọ́ la sì fi ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Tó bá sá, kò tíì yá, tó bá dúró gbọin, ó yá nìyẹn. Mi ò sọ fún un. Mo ní ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ ké ni kó máa mú un wá, tí abo bá sì ti sá fún akọ, màá ní kó mú un lọ, pé kò fẹ́ akọ, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀! Kí ló wọ̀ mí lára?

Lọ́jọ́ kejì ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ìyàwó wà níléèwé, akọ mi já ọgbà, ó lọ bá abo náà, ojú mi ló ṣe gùn ún. Mo lé e padà, mo tún ọgbà ṣe, mi ò sọ fẹ́nì kan. Ó di ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí, abo ò ké mọ́. Oyún ni, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ wa ti ní abo náà ti yàgàn, ìyàwó sì ti fi sílẹ̀ kí wọ́n pa á fún Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tomijétomijé, pé èmi nìkan ni mo dúró ti òun nínú ilé yìí...

Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀, gbogbo irọ́ mi á sì tú. Ọkàn mi kan ṣì ń ní kí n dákẹ́, kí wọ́n pa á, kí n rímú mí. Bẹ́ẹ̀ èmi ni wọ́n máa ń pè wá la inú ẹlẹ́dẹ̀ Ìkórè lọ́dọọdún. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, ìyàwó ni àbí ìyá? Àbí kí n dákẹ́, kí n wá fi ọwọ́ ara mi kó àwọn ọmọ inú abo yẹn jáde lójú ìyàwó?