Ìkànnì Tí Kò Gbà Mí Wọlé

Olówó orí mi,

Ara mi le, ẹ má fòyà. Yàrá wa dára. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, torí náà òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ mú wa.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ fi pè yín wá bá mi nílùú òyìnbó níbí ni mo ní í sọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí ìkànnì àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìwọ̀lú lórí fóònù mi, tí ìkànnì náà ń sọ pé òun ò lè gbà mí wọlé. Mo rò pé wọ́n ti kọ̀ wá ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí tí mo fi ń sọ pé iṣẹ́ pọ̀ tí ẹ bá béèrè. Ẹ forí jì mí.

Lánàá, ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbi iṣẹ́ tí mo ti ń nulẹ̀ bá mi wo fóònù náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó, ta ló kọ̀ ẹ́? Ìkànnì yìí kọ́kọ́ ń yẹ fóònù wò bóyá síkíríìpù, ìyẹn ètò kékeré inú fóònù tó ń mú fọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́, wà ní títàn. Tìẹ wà ní pípa. Àbí o ń sá fún ọkọ ẹ ni?"

Èmi fúnra mi ni mo pa á. Wọ́n ní ó ń jẹ dátà, mo sì fẹ́ kí dátà tó láti fi rí ojú yín lọ́jọ́ Àìkú.

Ó tàn án, fọ́ọ̀mù sì ṣí. Wọ́n béèrè níbẹ̀ pé ó ti tó ìgbà wo tí èmi àti ọkọ mi ti jọ ń gbé. Mo kọ ọjọ́ mọ́kànlá. Mo fọwọ́ bò ó kí ọ̀gá má baà rí i, mo sì fi í ránṣẹ́.

Ẹ bá mi kí ìyá wa. Ẹ kí àbúrò yín tó ń pè mí ní Onítìjú. Ẹ máa bá mi sá ìrọ̀rí mi sóòrùn.

Èmi ìyàwó yín ni.