Ọdún Ta Ni O Ní O Fẹ́ Wá Bá Wa Ṣe?

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹnu ọ̀nà rẹ kò ní dí. Ara èmi àti bàbá rẹ le, inú tó ń bí wa nìkan ló kù.

Ìwọ lo sọ lórí fóònù pé bí ìgbà bá ti yí padà wàá wálé, ká jọ ṣọdún. O ò sọ ọdún ta ni, o ti pa fóònù. Mo bá lọ bi télọ̀ àjèjì tó yá yàrá iwájú lọ́wọ́ wa. Ó ní ìgbà tí ọ̀sán àti òru bá gùn dọ́gba ni àwọn èèyàn òun ń ṣọdún tuntun, pé wọ́n sì máa ń fo iná kí ọdún náà tó dé. Mo ra ẹran, mo sebẹ̀, mo gbálẹ̀ dé títì. Bàbá rẹ fo iná, ṣòkòtò rẹ̀ tó dáa jù lọ sì jó. O ò wá.

Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ní kí n fara balẹ̀, pé bóyá ọjọ́ tí oòrùn máa ń pẹ́ wọ̀ jù lọ lo ní lọ́kàn, pé nílùú tiwọn, òdòdó ni wọ́n ń dé bíi fìlà lọ́jọ́ náà. Ó ní fóònù òun mọ ìṣẹ́jú tí oòrùn máa wọ̀. Mo bẹ fóònù náà jẹ́jẹ́ pé kó bá mi sọ fún oòrùn kó ní sùúrù, ọmọ mi wà lọ́nà. Ó kọtí ikún sí mi. Mo jókòó síta tòdòdó-tòdòdó, àwọn tó ń kọjá ń pè mí ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. O ò tún wá.

Ó wá kan káfíńtà òdìkejì títì. Ó ní ìgbà tí òru bá gùn jù ni tàwọn, pé gbogbo ọmọ tó wà lókèèrè ló máa ń wálé jẹun. Mo ní ó parí, èyí gan-an ni. Bàbá rẹ tó ti búra pé òun ò ṣọdún ẹnikẹ́ni mọ́ ló tún lọ tan àbẹ́là sójú fèrèsé. Ìgbà tí a wo ọ̀nà títí tí a ò rí ọ, káfíńtà fúnra rẹ̀ la pè wá jẹun. Ó jókòó sórí àga rẹ, ó ní ó ti pẹ́ tí òun náà ti rí ìyá òun gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ bú u. Ẹran ni mo bù fún un.

Òrùlé yàrá rẹ ń jò. Fi owó páànù ránṣẹ́, tàbí kí o gbé páànù náà wá fúnra rẹ, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún ẹnì kankan. Ọlọ́run á sìn ọ́ lọ, á sìn ọ́ bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí, tó ti tẹ́ ibùsùn rẹ.