Masina, Padà Lọ Bá Dókítà Ọ̀rọ̀ Kẹta

Masina ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Brisbane? Ọlọ́run tó mú ọ kọjá òkun yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ, Àǹtí Lupe ń kí ọ, ẹlẹ́dẹ̀ ńlá ti bí ọmọ mẹ́sàn-án, afẹ́fẹ́ sì gbé páànù ilé ìdáná wa lọ, inú ọgbà pásítọ̀ la ti rí i.

Mo rí lẹ́tà rẹ. O ní ó ti sú ọ, o ò wá dókítà ọ̀rọ̀ mọ́, àwọn tí kì í fúnni lóògùn yìí, pé ìwọ nìkan á dá ìrìn àtọkùnrin di obìnrin yìí rìn. Mi ò gbà. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Òótọ́ ni pé ẹni àkọ́kọ́ ní kí o jìnnà sí àwa ẹbí rẹ kí ara lè tù ọ́, orí ẹ̀ ò pé. Ẹnì kejì ní kí o máa ṣàlàyé fóun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ irú ènìyàn tí o jẹ́, ìwọ lo tún ń sanwó. Níbo ni olùkọ́ ti ń sanwó fún ọmọ iléèwé? Láti ọmọ ọdún mẹ́rin tí o ti ń jí òdòdó tí Lupe fi há etí, tí o ń fi há tìẹ, la ti mọ̀ ọ́ ní erékùṣù wa níbí, ẹnikẹ́ni ò gba kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n Heather, ẹnì kẹta tí o ní kó pè mí kí o tó pa á tì, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n wà níbi ìkọ̀kọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀: mo lé gbogbo àlejò lọ, ó wá ku àwa ẹbí nìkan, àwa mọ́kàndínlógún. Ilé wa ò kúkú ní ògiri, bàbá rẹ bá fi ẹní dí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì. A gbé fóònù tí ojú Heather hàn nínú rẹ̀ ti Bíbélì, a gbé ewé kókò tí a fi omi àgbọn sè síwájú rẹ̀, nítorí a kì í bá ẹni tí ebi ń pa sọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ bí a ti ń ṣe fún àgbà. Nígbà tí a kọrin tí a gbàdúrà tán, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fún wa.

Obìnrin náà tẹrí ba títí a fi ṣe àmín. Lupe bá bi í pé kí lò ń sọ fún un gan-an. O mọ Lupe, ó lè fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu òkú. Heather ní Masina nìkan ló ni ọ̀rọ̀ yẹn, òun ò lè sọ ọ́. Lupe bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Kò sọ. Ní abúlé tí a ti ń gbọ́ ikọ́ ara wa yìí, èmi ò rí irú ẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ni. Ó wá bi mí ní ohun tí mò ń bẹ̀rù. Mo ní mò ń bẹ̀rù pé wàá dá gbogbo ẹ̀ gbé mì, títí o ò fi ní pè wá mọ́. Mo sunkún, ọmọ mi.

Bá mi fi ẹran agolo àti tọ́ọ̀ṣì kan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì oṣù yìí, má fi ránṣẹ́, fi san ti Heather. Mo mọ̀ pé díákónì á ka orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan àti iye tó mú wá sétí ìjọ. Bàbá rẹ ní ojú á tì wá. Mo ní kó dúró sílé.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní okun. Lọ bá obìnrin yẹn lọ́sẹ̀ yìí o. Lọ́jọ́ Sunday, iwájú ni màá jókòó, tí wọ́n bá kan ilé wa tí wọ́n ní a ò mú nǹkan kan wá, màá dìde, màá ní owó náà wà lọ́dọ̀ dókítà ọmọ mi obìnrin.

Èmi ni ìyá rẹ,
Faapusa