Ọ̀gá Ẹ̀ṣẹ́ Inú Fóònù

Abúlé Apáta,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́bọ̀, oṣù tó tẹ̀lé Iléyá, 2016.

Ganiyat Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi,

Àsàlámù àláékùmù. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ ní Ẹgbẹ́dá, àwọn tí ẹ jọ ń gbélé ní Ìkọ̀tun ńkọ́? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ ni yóò máa mú ọ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ẹni ibi kò ní rí ọ gbéṣe. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Òjò ti rọ̀ sí àgbàdo wa, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ìbàdí mi nìkan ló ń dùn mí, màá sọ ohun tó fà á. Awakọ̀ tó ń kó gàrí wá sí Shasha ni mo fi lẹ́tà yìí rán, n kò fẹ́ bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí fóònù kì í gba ọ̀rọ̀ gígùn, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ wọni lára ló máa ń já.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Tíṣà Julius, pé kí ó fi han ìyá rẹ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, kí ó rí bí o ṣe ń kọ́ bí obìnrin ṣe ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ olè, Tíṣà gbé e wá lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo kírun dé. Ìyá rẹ ti lọ sódò, èmi ló bá nílé, ni mo bá ní kó jẹ́ kí n wò ó. Ọkùnrin kan yọ, ó wọ ṣòkòtò péńpé, igẹ̀ rẹ̀ rí bí ilẹ̀kùn. Mo kí i, mo ní ẹ kú iṣẹ́ ọ̀gá, kò dá mi lóhùn. Julius ní kò lè gbọ́ mi. Mo ní mo mọ̀, ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ ni etí wọn máa ń di. Lẹ́yìn náà ó ní kí gbogbo wa tẹ agogo, inú mi wá dùn sí i, torí ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí kò bá ti ní agogo, ìjà ìgboro ni. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ ló dúró gbagidi, nǹkan róbótó kan wá ń yí lójú rẹ̀. Mo ní yéè, òòyì ti kọ́ ọ, ta ló lù ú? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà fún un bí rẹfirí ṣe ń kà, mo ka ení, mo ka èjì, nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀jọ ó ti gbéra, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin ni ṣá. Julius ní ó lé ní ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn tó ti wò ó. Mo bi í pé ilé ta ni wọ́n kó sí, ó kàn ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n Ganiyat, o mọ̀ pé imú mi kò rí báyìí látilẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kan ẹ̀ṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, lábẹ́ Kóòṣì Ọlọ́runṣògo, ẹni tó jẹ́ pé tí ọwọ́ rẹ bá fi lè kúrò lójú rẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ti bà ọ́ létí. Nítorí náà ohun tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ọ̀gá yẹn bá ti ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún báyìí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á já wá sí ìdí bí ọwọ́ ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbọn lórí igi. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni ẹni tó ń ṣe olè: ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀gá mú, ó wá dúró bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, títí ọ̀gá fi ṣàlàyé tán. Olè wo ló ń ṣe sùúrù báyẹn ní Ìkọ̀tun?

Kí n má baà dá a lẹ́bi lásán, mo ní ẹ jẹ́ kí a dán an wò. Mo pe Ọláníyan tó ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, mo ní kó di ọwọ́ mi mú kó máa ṣe bí olè. Mo yí ọwọ́ bí ọ̀gá ṣe yí i, mo fà á, mo kígbe hàà bó ṣe kígbe, Ọláníyan kò tú mi sílẹ̀. Ó ní Bàbá, ẹ ní kí n dì í mú. Mo tún fi agbára fà á, àwa méjèèjì bá ṣubú yakata sínú láfún tí ìyá rẹ sá. Ohun tó ṣe ìbàdí mi nìyẹn. Ìyá rẹ dé láti odò, ó bá wa funfun báláú, ó ní ṣé ojú kò ti ẹ̀yin àgbààgbà yìí ni. Mo ní kó má bínú, iṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ rán la ń jẹ́.

Òun náà ní òun fẹ́ wo fídíò, Julius tún tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá fi ìkúùkù ọ̀gá náà hàn nítòsí, pé bí a ṣe ń di ẹ̀ṣẹ́ nìyí, mo wá rí i pé ó ká ìka mẹ́rin bo àtàǹpàkò mọ́nú. Mo pariwo! Mo ní ẹni tó bá fi irú ẹ̀ṣẹ́ yìí kan egungun, àtàǹpàkò tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi rántí báńdéèjì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ nígbà Iléyá, tí o ní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ló há a. Mo wo ìyá rẹ. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí Julius àti Ọláníyan lọ tán ni mo bi í léèrè, ẹkún ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Ó ní ọ̀sán gangan ni, pé o ń gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Ìgàndò, tí ẹnì kan fa báàgì rẹ, tí o sì fún un ní ẹ̀ṣẹ́ bí ọ̀gá yẹn ṣe kọ́ ọ, ó sá lọ, àtàǹpàkò rẹ sì yẹ̀. Ó ní o bẹ òun kí òun má sọ fún mi, nítorí màá ní kí o kó ẹrù rẹ padà wálé. Ìyá rẹ ní ẹ̀ṣẹ́ náà bà á nímú. Mo ní imú gan-an? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi dùn díẹ̀ kí omijé tó dé.

Òótọ́ sì lo sọ o, ǹ bá ní kí o máa bọ̀ nílé. Mo rò ó mọ́jú. Aránṣọ ni ọ́, àtàǹpàkò lo fi ń di sísọ́ọ̀sì mú, tí o sì ń fi báńdéèjì ṣiṣẹ́ kí bàbá rẹ má baà pè ọ́ wálé. Ó dùn mí pé ẹ̀rù mi bà ọ́ ju ti olè lọ. Mi ò ní pè ọ́ wálé. Ṣùgbọ́n fetí sí mi: tó bá di pé ẹnìkan fa báàgì, fi báàgì sílẹ̀ fún un, kí o sáré, kí o pariwo. Oníbàárà á bínú, á sì tán. Tí kò bá wá sí ibi tí o lè sá sí, àtàǹpàkò rẹ níta, lórí ìka, kì í ṣe nínú, àgbọ̀n nílẹ̀, ọwọ́ kejì lójú.

Mo ní kí Julius kọ ọ́ sábẹ́ fídíò náà kí ọmọ ẹlòmíràn má baà ṣèṣe. Ọ̀gá fèsì lọ́jọ́ kejì, kò sọ nǹkan kan, àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ló fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀ mí ni. Mo ti dárí jì í.

Bá mi ra òróró ìpara tó máa ń ta lára yẹn, kí o sì fi ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ránṣẹ́ sí ìyá rẹ fún láfún tí a bàjẹ́, kò tíì yéé sọ ọ́. Má fi òróró tèmi kún un, èmi fúnra mi ń bọ̀ wá gbà á lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí ìbàdí bá gbà. Wá pàdé mi ní Ìyànà Ìpájà. Má fi ọwọ́ yẹn pamọ́ fún mi, mo fẹ́ rí i, mo fẹ́ kí dókítà tún un wò lójú mi. Ọlọ́run yóò wò ó sàn, abẹ́rẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ni yóò rán aṣọ tí wàá fi sin wá nígbà tí a bá gbó tọ́. Tó bá ti wá jinná dáadáa, màá na àtẹ́lẹwọ́ mi sókè ní ẹ̀yìnkùlé yín níbẹ̀, kí o máa fi ẹ̀ṣẹ́ kàn án títí yóò fi mọ́ ọ lára. Kò ní dùn mí. Bó bá sì dùn mí, mi ò ní sọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàfíù.