Aláró Tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Yàn

Ọjọ́rú, 9/1/91

Jímọ̀ ti gbé pátákó tuntun sókè ní òdìkejì ọ̀nà. Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn ilé mi lọ. Ó ya ẹkùn sí i, ẹkùn náà sì ń wo ṣọ́ọ̀bù mi tààrà láti àárọ̀. Mo ti yí àga mi padà, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á kúrò nínú mi. Èmi Isaac Májẹ́kódùnmí ni mo kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi fọ búrọ́ọ̀ṣì fún mi ní Ìyànà Ìbà níbí. Nígbà tó ti Ìsẹ́yìn dé, kò mọ ọ̀dà ara ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀dà ara ògiri. 1981 ló gba fírídọ̀mù. Lónìí, bí onílọ́rì bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó dáa. Àkísà náà ló kù mí kù.

Ẹtì, 11/1/91

Ọba Ọ̀dà – orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn, n kò lè pè é lójú rẹ̀ – ti gba iṣẹ́ Mámì Mákẹ́ẹ̀tì nínú bárékè Ọ̀jọ́. Gbogbo iwájú ìsọ̀ tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ti ń wá láti ọdún tó kọjá! Fẹlí ìyàwó mi ní kí n bá a yọ̀. Mo bá a yọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí eyín fi ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 15/1/91

Ó wá lọ́sàn-án, òun àti pátákó méjì. “Ọ̀gá, ẹ bá mi kà á.”

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì fi jù ú lọ nìyẹn. Jímọ̀ kò mọ̀wé kà. Kò kọjá pírámárì tuu. Lẹ́tà tó bá fi ọwọ́ rẹ̀ kọ, ẹni tó mọ̀wé á dúró wò ó, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó kọ. Nígbà tó wà lábẹ́ mi, èmi ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun a wá fi ọ̀dà tẹ̀ lé e. Ó ti di ọdún mẹ́wàá tó ti dá dúró, síbẹ̀ kò tíì gbé pátákó kan jáde láìkọ́kọ́ gbé e wá fún mi. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíì kà á fún òun. Mo máa ń fi falẹ̀. Màá wá awò ojú, màá nù ún, màá wúkọ́. Inú mi máa ń dùn lásìkò yẹn. N kò ní purọ́ fún ìwé.

Ìṣẹ́gun, 22/1/91

Nǹkan ọ̀tun. Àsánì ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, tó ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́, mú ìwé pẹlẹbẹ kan bọ̀ láti Liverpool. Ìwé àwọn tó ń ta aláǹtakùn. Aláǹtakùn fún sísìn nínú ilé! Kì í ṣe ti ara àjà wa yìí o. Onírun ni wọ́n, wọ́n fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, fọ́tò wọn sì láwọ̀. Ọ̀kan dúdú, orúnkún rẹ̀ pupa bí ẹni kúnlẹ̀ sínú osùn. Ọ̀kan lé làálì sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọ̀kan sì wà – aró. Aró gidi, bí aṣọ tí wọ́n rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń po ọ̀dà, n kò tíì po irú àwọ̀ yẹn rí.

Jímọ̀ ní Àsánì máa ra ọ̀kan bọ̀ tó bá tún lọ. “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa bá mi yan án. Àgbà ló ń yan nǹkan. Ẹni tí ò sin irú ẹ̀ rí, èwo ló máa bá a lára mu? Àmọ́ kálà gbọ́dọ̀ wà lára ẹ̀ o.” Mo ní kó fi ìwé náà sílẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni mí ní Ayétòrò nígbà tí mo sin aláǹtakùn sínú agolo mílíìkì. Mo ń pa eṣinṣin fún un. Bàámi rí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n ní ọmọ wèrè ló ń ṣe irú ẹ̀. Mo sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Wàyí o, Ọba Ọ̀dà á ní tirẹ̀, èyí tó wọ ọkọ̀ òkun wá, tòun ti àwọ̀. Ṣé èyí náà ni, Olúwa? Kò ha sí ohun kan láyé tó lè fi sílẹ̀ fún mi?

Ọjọ́rú, 23/1/91

Mo ti ka ìwé náà tán. Wọ́n ní olórúnkún pupa jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, kì í yára, òun ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ti aláró rèé: kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó yára, ó máa ń bínú, ó ń buni jẹ, ìrora rẹ̀ sì le. Inú ihò ló ń gbé, ẹni tó ń sìn ín kì í sábà rí i. Abo rẹ̀ lè lo ogún ọdún.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 24/1/91

Ó dé. Mo wọ awò ojú. Mo fi ìka lé aláró.

Mo ní, “Èyí ni. Wọ́n ní ó tutù, ọmọdé lè gbé e sọ́wọ́.” Ó bi mí nípa olórúnkún pupa. Mo ní ìyẹn ń buni jẹ. Ọ̀rọ̀ ìdí èyí ni mo gbé sídìí ìyẹn, ohùn mi ò sì gbọ̀n.

Ó ń tún un sọ lẹ́yìn mi bí ọmọ iléèwé. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Olórúnkún pupa ni mi ò bá ti yàn.”

Ẹ gbọ́ o. Láìmọ̀wé, ojú rẹ̀ ti bá èyí tó dára. Ìyẹn tún bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹtì, 25/1/91

Ẹyin lohùn. Kò tíì balẹ̀.

Àbámẹ́ta, 2/2/91

Àsánì ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Mo lè sọdá ọ̀nà. Mo lè ní, “Jímọ̀, awò ojú mi ló ṣì mí lọ́nà.” Kò ní bi mí ní ìbéèrè kejì. Mo tiẹ̀ dìde. Lọ́rì kan láti Ìbàdàn bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, oníbàárà mi àtijọ́ ló wà á, ó juwọ́ sí mi bí ẹni ń kí arúgbó. Mo padà jókòó.

Ajé, 4/2/91

Àsánì ti lọ.

Àìkú, 17/2/91

Fẹlí sọ pé Jímọ̀ wá nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó wọn tábìlì ẹ̀bá fèrèsé wa. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Fẹlí kàn ń rẹ́rìn-ín. Ọba Ọ̀dà ti kún ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó wá fẹ́ fi pálọ̀ mi ṣe sítọ́ọ̀. Ojú ń kán ọmọ yìí o.

Àìkú, 10/3/91

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi. Jímọ̀ àti Àsánì wọlé, wọ́n gbé àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi aṣọ bò. Wọ́n gbé e sórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Ó ṣe wẹ́kú. Jímọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ó ní, “Ọ̀gá, ọdún kẹwàá rèé tí ẹ fún mi ní fírídọ̀mù. Ẹ rántí ìgbà tá à ń kun lọ́rì Alájà Àyọ̀kẹ́? Ẹ sọ fún mi pé ẹ sin aláǹtakùn ní kékeré, pé Bàbá tẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ lọ́kàn mi pé tí Ọlọ́run bá bù sí i fún mi, màá dá a padà fún yín. Mi ò fẹ́ ra èyí tí ẹ ò ní fẹ́ràn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yàn án fúnra yín nìyẹn.”

N kò rántí mọ́ pé mo sọ fún un. Ó ju ọdún méjìlá lọ.

Ó ṣí aṣọ. Aláró. Ó lẹ̀ mọ́ igun àpótí, oòrùn fèrèsé bà á lẹ́sẹ̀. Fọ́tò yẹn kò fi ìdajì ẹwà rẹ̀ hàn. Omi bọ́ lójú mi, gbogbo wọn rò pé ayọ̀ ni.

Jímọ̀ ní, “Ẹ jẹ́ n gbé e sọ́wọ́ fún yín, Ọ̀gá. Ṣebí ó tutù.” Ó ṣí ìdérí. Ọwọ́ ọ̀tún ni, ọwọ́ tó fi ń ya ẹkùn, ọ̀dà ṣì wà léèékánná rẹ̀. Mo lè pariwo. Àyè wà. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Ibi tí mo ti ń ro ti ojú tó máa tì mí ni ọwọ́ rẹ̀ ti wọlé. Aláró gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè. Ó bù ú jẹ láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì.

Kò ké. Ó kọ́kọ́ dé àpótí náà padà. Ó ní kó má lọ sá mọ́ Ọ̀gá lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sílẹ̀.

Ajé, 11/3/91

Ọwọ́ náà ti wú dé ìgbọ̀nwọ́. Nọ́ọ̀sì fún un lábẹ́rẹ́, ó ní kò ní pa á, ṣùgbọ́n á pẹ́ díẹ̀ kó tó lè di nǹkan mú. Gbogbo ẹni tó wá kí i ni Jímọ̀ ń sọ fún pé òun lòun já ẹranko láyà, pé Ọ̀gá ti kà á, ó tutù.

Ọjọ́rú, 13/3/91

Àwọn sójà fẹ́ kí Mámì Mákẹ́ẹ̀tì parí kó tó di òpin ọ̀sẹ̀. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ. Mo tẹ̀ lé ibi tí Jímọ̀ dé. Ọ̀gá sójà kan dúró lẹ́yìn mi, ó ní, “Iṣẹ́ Jímọ̀ mà dáa o.” Ibi tí èmi kùn ló ń wò. Owú tún gún mi ní kọ̀rọ̀ ọkàn, níbẹ̀ náà. Irú èèyàn wo ni mí?

Àbámẹ́ta, 16/3/91

Jímọ̀ wá. Ó fi aṣọ gbé ọwọ́ kọ́rùn. Ìwé pẹlẹbẹ yẹn wà lábíyá rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ bá mi tún un kà. Bóyá a fo nǹkan kan.”

“A fo,” ló wí, kò sọ pé “ẹ fo.” Mo lè tún pa irọ́ mìíràn, ó wà lẹ́nu mi. Mo nu awò ojú, mo wọ̀ ọ́. Mo fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe máa ń ṣe fún un tẹ́lẹ̀, mo kà á, mo túmọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń buni jẹ. Mo ka gbogbo rẹ̀.

Ó ní, “Ibí yìí náà lẹ kà lọ́jọ́ yẹn?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ẹ rò pé èmi ni mo fẹ́ sìn ín ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sábíyá. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ bárékè, Ọ̀gá.” Ó sọdá.

Àìkú, 17/3/91

Fẹlí ní kí n dá ẹranko náà padà fún wọn. Ta ni kí n dá a padà fún? Mo ju aáyán kan sí i, kò yọjú. Ó ti gbẹ́ ihò sínú iyẹ̀pẹ̀, n kò tíì rí i láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Àwọ̀ tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló wà. Ogún ọdún ni wọ́n pè é. Èmi á ti di ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Ó tiẹ̀ wá bá mi nínú pálọ̀.

Ọjọ́rú, 27/3/91

Ọwọ́ Jímọ̀ ti san. Mo rí i tó ń kun nǹkan láti àná. Mo nu awò ojú mi, mo gbé e sórí tábìlì, mo dúró dè é.

Láàárọ̀ yìí ó gbé pátákó tuntun sókè. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀, mo kà wọ́n láti orí àga mi. Kò gbé e wá. N kò mọ ẹni tó bá a kà á.