Ìborùn Bàbá Rẹ Nínú Oòrùn Àpápá

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Àdùfẹ́,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Tóbilọ́ba, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Dinah ìyàwó rẹ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé òtútù Scotland kò tíì gbé ọ mì. Ara tèmi le, àfi iṣẹ́ wáàfù tí kò jẹ́ kí n rímú mí.

Mo rí ohun tí o kọ sórí fóònù, pé kíláàbù yín ti já sí ìpele kẹrin, pé o fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àti pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ torí ojú ń tì ọ́. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń ru ẹja ní èbúté láàárín ọ̀sẹ̀ kí o lè jẹun, tí o ń gbá iwájú fún wọn ní Sátidé. Ṣé jíjá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ?

O rántí ìborùn kíláàbù tí o fi ránṣẹ́ sí Bàbá, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun? Gbogbo Sátidé ni Bàbá ń wé e mọ́rùn nínú oòrùn yìí, tí wọ́n á rìn dé ṣọ́ọ̀bù Rukevwe tó ń tún fóònù ṣe, níbi tí a ti ń wò yín lórí fóònù. Àwọn awakọ̀ tírélà ń pè wọ́n ní "Baba Scotland". Wọ́n á máa làágùn bí ẹni ń dín àkàrà, wọn ò ní bọ́ ọ. Wọn kì í wo ipò tí ẹ wà o, ìwọ nìkan ni wọ́n ń wò.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n tún wé e wá. Wọ́n ní, "Rasheed, ṣé wọn ò gbá lónìí ni?" Mo gbìyànjú títí láti bò ó mọ́lẹ̀, kò ṣeé ṣe, mo bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá tún ìborùn wọn wé dáadáa, wọ́n ní:

"Ìpele kẹrin yẹn, ṣé gólù wọn ní àwọ̀n?"

Mo ní, "Ó ní i, sà."

"Kí ló wá ń ṣe é? Níbí tó ti kọ́ ọ, òkúta méjì lẹ fi ń ṣe gólù!"

Rukevwe pariwo pé, "Baba, you don finish am!"

Tóbi, jọ̀ọ́, tọwọ́ bọ̀wé ọdún kan sí i. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Bí orúnkún bá kọ̀, ó kọ̀ náà nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtìjú ló yẹ kó lé ọ kúrò ní pápá.

Bá mi kí Dinah. Rukevwe ń kí yín. Bàbá ní kí o fi ìborùn kejì ránṣẹ́ sí èmi náà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, pé ó ti sú àwọn láti máa dá làágùn.

Èmi ni tìrẹ, kípà tí o fi kọ́ṣẹ́,
Abdulrasheed